Fẹ̀yìntọlá, Ẹni Tó Dá Ìràwọ̀ ní Lálúpọn

Ọdún 1993 ni Fẹ̀yìntọlá Ògúnbọ̀dé kó kọ̀ǹpútà wọ Lálúpọn. Inú ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ ló kó wọn sí, ó fi àpò ìdọ̀họ bò wọ́n kí eruku má bàa wọ̀ wọ́n lára. Àwọn tó wà ní gáréèjì rò pé tẹlifísàn ni. Wọ́n bi í bóyá ilé sinimá ló fẹ́ ṣí.

Ó ní, "Rárá o. Ìràwọ̀ ni mo fẹ́ fi wọ́n dá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n rọra sọ ẹrù òun kalẹ̀.

Èmi Olúrẹ̀mí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa àti ilé wọn. A jọ dàgbà ni. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama ìlú wa nígbà náà. Òun ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì kan, ó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Bàbá rẹ̀, Elijah Ògúnbọ̀dé, jẹ́ àpọ́sítélì nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ìyá rẹ̀, Àmọ̀pé, ló ni ẹ́ńjìnnì tí gbogbo àdúgbò fi ń rin ẹ̀gẹ́. Láti kékeré ni ọmọ náà ti lágídí. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí àwọn obìnrin fi ìṣirò gíga sílẹ̀ kí wọ́n lọ kọ́ oúnjẹ sísè, ó gbé àga rẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn ọkùnrin, ó jókòó, wọn ò sì rí i gbé dìde.

Ohun tó gbé kọ̀ǹpútà wá sílé ni ọ̀rọ̀ tó bá a ní ẹ̀ka rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ń kọ ètò kan tí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi bí ìràwọ̀ ṣe kóra jọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ hàn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ṣì ń mí ní ẹ̀ka náà ló ń lò. Ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Àbáyọ̀mí, ránṣẹ́ pè é.

Wọ́n ní, "Fẹ̀yìntọlá, ìràwọ̀ kò bọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù fún wa yìí, òun ló ń ṣe èsì ìdánwò, òun ló ń ṣe owó oṣù. Bí iṣẹ́ tìẹ bá ti wọ inú rẹ̀, gbogbo nǹkan a dúró. Kọ ètò tó jẹ mọ́ ìkórè oko, ìjọba á dá wa lóhùn."

"Sà, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú òyìnbó, ṣé wọn kì í jẹun ni?"

"Wọ́n ti jẹun yó kí wọ́n tó máa wo ìràwọ̀ ni."

"Èmi náà jẹun láàárọ̀ yìí, sà."

Ìyẹn ló bà á jẹ́. Wọ́n pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà fún un mọ́. Lákòókò yẹn náà, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń kógbá wọlé ní Ìbàdàn, wọ́n ń ta àga, wọ́n ń ta fáànù, wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà tó ti gbó. Fẹ̀yìntọlá lọ síbẹ̀, ó ra mẹ́ta tó rí, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu nínú wọn. Ó sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó lọ́ra jù ni Àgbà, èyí tó tẹ̀ lé e ni Àárín, èyí tó yára jù ni Àbíkẹ́yìn.

Iná mànàmáná ìlú wa kò ṣeé gbójú lé. Ó tọ ìyá rẹ̀ lọ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màámi, ẹ́ńjìnnì yín ni mo fẹ́ bá yín lò."

"Ẹ̀gẹ́ wo lo fẹ́ rin?"

"N ò rin ẹ̀gẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ n so orí jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti ń rin ẹ̀gẹ́ yín, ó máa máa fún mi níná."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún gan-an, ọmọ yìí?"

Ó fìdí lé àpótí, ó ṣàlàyé. Ó ní nígbà ìwáṣẹ̀, kò sí ìràwọ̀ rárá. Ohun gbogbo tẹ́ lọ rẹrẹ bí ìkùukùu, àmọ́ ibì kan fi díẹ̀ ki ju ibòmíì lọ. Ibi tó ki ń fa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra, bó sì ṣe ń fà á ló túbọ̀ ń lágbára láti fà sí i, títí wọ́n fi ṣù jọ di ìdì ìràwọ̀. Ó ní ohun tó gba àìmọye ọdún lójú ọ̀run, òun fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é lójú òun ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ọ̀gá rẹ ní kí o má ṣe é?"

"Wọ́n ní kí n má ṣe é."

"Lọ pe Jùbrílù wá."

Jùbrílù ni rewáyà wa, òun ló ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó rí orí jẹnẹrétọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, ó gbé e sórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀gẹ́, ó fi bẹ́líìtì so wọ́n pọ̀, ó sì fa wáyà wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó tún bá a fi wáyà so kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ ò lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan ìdí tó fi ń pẹ́. Ó ní hóró ni òun fi dúró fún ìkùukùu yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fa gbogbo hóró yòókù. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní láti bi gbogbo àwọn tó kù pé níbo lẹ wà, báwo lẹ ṣe wúwo tó, ìbéèrè náà kò ní tán láyé.

"O wá ń ṣe é báwo?"

"Olúrẹ̀mí, láti Lálúpọn níbí, ṣé o máa ń ka ilé Ìbàdàn lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Rárá. Ìbàdàn kàn wà lọ́hùn-ún ni."

"Àwọn ilé àdúgbò wa ńkọ́?"

"Ìyẹn, mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ ojú mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Hóró tó sún mọ́, a kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jìnnà, a dì í pọ̀, a kà á sí ẹyọ kan."

Ìṣòro kejì wà lọ́dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà fúnra wọn. Ó kọ́kọ́ pín iṣẹ́ náà dọ́gba. Àbíkẹ́yìn á parí tirẹ̀, á jókòó kalẹ̀ máa dúró de Àgbà, bí ìgbà tí wọ́n fún ọ̀dọ́ àti arúgbó ní iye ebè kan náà láti kọ. Ó tún un pín gẹ́gẹ́ bí agbára oníkálukú ṣe mọ. Síbẹ̀, bí ìràwọ̀ bá ti ń ṣù jọ síbì kan, kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ibẹ̀ ni iṣẹ́ á wọ̀ lọ́rùn, nítorí náà ó ní láti jẹ́ kí wọ́n máa tún un pín bí iṣẹ́ ti ń lọ. Àfi bí ó ṣe tún rí i pé nọ́ńbà tí Àgbà bá kọ sílẹ̀, sódì ni Àbíkẹ́yìn ń kà á! Wọn ò jọ láti ilé-iṣẹ́ kan náà wá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to nọ́ńbà yàtọ̀. Ó kọ ètò náà fún Àgbà, Àbíkẹ́yìn kọ̀ ọ́. Ó kọ ọ́ fún Àbíkẹ́yìn, Àgbà dákú.

Ibẹ̀ ló ti bínú, tó fa ètò náà ya sí méjì. Apá tó pọ̀ jù kò mọ ohunkóhun bí kò ṣe ìràwọ̀: òòfà, ìwúwo, àti bí àgbáyé ṣe ń gbòòrò. Kò mọ irú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì bìkítà. Apá kékeré kejì ló mọ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá yí padà, apá kékeré yẹn nìkan ni yóò tún kọ. "Ẹ̀rọ ò ní í pàṣẹ fún ìràwọ̀ mi mọ́," ohun tó wí nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ wá ń lọ geerege, Mùjíbátù tó ń gbé ẹ̀yìn odò kó ẹ̀gẹ́ wá. Ẹ̀gẹ́ náà pọ̀, wọ́n dà á sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì kérora, iná rẹ̀yìn, ojú kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣú. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣòfò. Fẹ̀yìntọlá jáde wá sí ìta, ó jókòó sórí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́, ó sunkún bí ọmọdé. Àánú rẹ̀ ṣe Mùjíbátù, kò mọ ohun tó máa ṣe.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ̀gẹ́ mi ló pa ìràwọ̀ yín."

Ẹkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín lẹ́nu Fẹ̀yìntọlá. Ó nu ojú, ó wọlé padà. Láti ọjọ́ náà ló ti kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé kí ó máa dúró lóòrèkóòrè, kí ó fi ibi tó bá dé pa mọ́ sínú díìsì, kí ó tó máa lọ. Bí iná bá lọ, ìràwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dúró. Ó ní kí Mùjíbátù máa da ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní ọmọ Àpọ́sítélì ń tọ pinpin Ọlọ́run, ó fẹ́ mọ bí Ó ṣe dá ọ̀run. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ dá wa dúró. Wọ́n ní kí Fẹ̀yìntọlá bọ́ sùtánà rẹ̀, kí ó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin títí yóò fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì dìde. "Ẹ̀yin bàbá mi, iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ ni mò ń wò. Bí ẹnìkan bá dúró ti ẹni tó ń gbẹ́gi, tó ń wo bó ṣe ń gbẹ́ ẹ, ṣé ọ̀tá rẹ̀ ni? N ò ní í fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N ò sì ní í bọ́ sùtánà."

Ariwo ta. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. A mọ̀ pé wọn kì í wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọn kì í sì í bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá dìde tòun ti ọ̀pá wọn.

"Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ yìí kò wọ̀. Mo ti ní kí ó fi í sílẹ̀, kò gbọ́, n kò sì tíì gbà fún un títí di òní. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa lé e jáde ní ilé àdúrà tí òun náà fi orí ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọmọbìnrin kan lè fi kọ̀ǹpútà àlòkù tú àṣírí Ọlọ́run, Ọlọ́run tirẹ̀ ló kéré. Tèmi kò kéré tó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jókòó. Àwọn àgbà ìjọ tú wa ká. Nígbà tí a ń lọ sílé, Bàbá ń lọ níwájú láìwọ bàtà, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Fẹ̀yìntọlá ń tẹ̀ lé wọn, ó gbórí sókè.

Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ kan ni àwòrán ìràwọ̀ tí à ń retí jáde. Fẹ̀yìntọlá kígbe, gbogbo wa sì sáré wọlé, àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ojú Àbíkẹ́yìn kún fún hóró tíntìntín aláwọ̀ ewé, wọ́n to ara wọn bí òwú aláǹtakùn. Níbi tí òwú ti pàdé òwú, wọ́n ṣù bámú. Àárín òwú sí òwú ṣófo.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló hun ún?"

"Kò sẹ́ni tó hun ún, Màámi. Wọ́n ń fa ara wọn ni."

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Bàbá Ògúnbọ̀dé lójú fèrèsé. Wọ́n wò ó pẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Ṣùgbọ́n hóró inú àwòrán náà kò pọ̀ tó. Kí ó tó lè fi í wé ohun tí àwọn awòràwọ̀ rí lójú sánmà, ó ní láti gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà arabaríbí. Dorothy Ọlájídé, ọmọ Ẹgbẹ́dá tí wọ́n jọ kàwé, wà nílẹ̀ Scotland níbi tí méjì irú rẹ̀ wà. Dorothy bá a gba ìwé ìpè. Fẹ̀yìntọlá lọ sí Èkó lọ tọrọ físà.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ní, "Kí ni ará abúlé oko fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tó tóbi báyìí ṣe? Ẹ ò ní í padà wálé."

"Ta ló sọ fún yín pé ilé yín dára ju ilé mi lọ?"

Wọn ò fún un. Mo lérò pé yóò wálé wá sunkún, àmọ́ ẹ̀bà ló ní kí wọ́n fún òun. Ó ní, "Bí èmi ò bá lè lọ, ètò mi á lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè físà lọ́wọ́ ètò."

Lọ́dún 1995, ìyá Dorothy kú, Dorothy sì wálé wá sin ín. Nígbà tó ń padà lọ, Alákìá ló ti fẹ́ wọ bàálù dé Èkó. A lọ bá a níbẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ti fi ọ̀rá we àwọn díìsì náà bí ẹni we ẹja gbígbẹ.

Ó ní, "Dorothy, apá tó mọ ìràwọ̀, má fọwọ́ kàn án. Apá tó mọ ẹ̀rọ nìkan ni kí o tún kọ."

"Ẹ̀rọ méjèèjì lọ́hùn-ún ò jọra o. Ọ̀kan, ọpọlọ díẹ̀ ló ní, àmọ́ wọ́n lágbára, nọ́ńbà gígùn gbọọrọ tó tò tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n fẹ́ràn láti gbé mì. Èkejì, ọpọlọ wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ ni, wàhálà wọn sì ni bí wọ́n á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀."

"Tèmi náà ò jọra. Gbé e lọ."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dorothy kọ̀wé pé òun máa pè é ní ilé tẹlifóònù kan ní Ìbàdàn. Mo sìn ín lọ. Mo gbọ́ igbe Dorothy láti ibi tí mo dúró.

"Ó ṣiṣẹ́, Fẹ̀yìn! Lórí méjèèjì! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tún gbogbo ètò wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi tún apá kékeré yẹn kọ, ó sì gbéra. Ẹ̀rọ bàjẹ́ láàárín méjì, tiwọn ṣòfò, tìẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé!"

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, mo sì sún mọ́ tẹlifóònù náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ gbé iṣẹ́ náà jáde bí ìwé ìwádìí. Wọ́n ní àwọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ Fẹ̀yìntọlá nísàlẹ̀.

"Nísàlẹ̀ ibo?"

"Nísàlẹ̀ ìwé. Pẹ̀lú lẹ́tà kékeré."

Fẹ̀yìntọlá fa tẹlifóònù mọ́ ẹnu. Ó wá ní, "Bá mi sọ fún wọn pé ẹni tó bu omi fún èèyàn mu ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò bu omi. Èmi ni mo gbẹ́ kànga. Orúkọ mi á wà lókè, àbí kí wọ́n yọ ètò mi, kí wọ́n kọ tiwọn."

"Fẹ̀yìn, wọ́n lè bínú o."

"Kí wọ́n bínú. Ìwọ náà ńkọ́? Níbo ni wọ́n kọ orúkọ tìẹ sí?"

Orúkọ Dorothy náà wà nísàlẹ̀. Àṣé ìbéèrè yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun ò ní í kó èsì náà sílẹ̀ àfi bí orúkọ àwọn méjèèjì bá wà lókè. Wọ́n ní ó lè pàdánù ipò rẹ̀, ó ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ náà fà títí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà: Ògúnbọ̀dé ló ṣíwájú, Ọlájídé tẹ̀ lé e, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́yìn.

Wọ́n ní kí Fẹ̀yìntọlá kọ àdírẹ́sì rẹ̀ wá. Yunifásítì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nígbà náà, wọ́n ní kì í sí níbi iṣẹ́. Ó ti di olùkọ́ ìṣirò níléèwé wa. Dókítà Àbáyọ̀mí gbọ́ nípa ìwé náà, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn wá sí Lálúpọn. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àga fún wọn.

Wọ́n ní, "Fi orúkọ ẹ̀ka wa sí i. A lè dá ọ padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, sà. Bí ẹ bá fẹ́ dá mi padà, ẹ dá mi padà nítorí àwọn ọmọ tí mo kọ́. Ìwé yìí, ibi tí mo ti ṣe iṣẹ́ ni mo máa kọ sí i."

Mo rò pé wọ́n máa bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu wọn. "O ò yí padà." Wọ́n ní kó mú àwọn lọ wo ẹ̀rọ náà. Wọ́n dúró ti bẹ́líìtì Jùbrílù pẹ́, wọ́n ń mi orí. Wọn ò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ṣá o.

Bí ìwé náà ṣe jáde ní 1997 nìyẹn, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ gbangba: Lálúpọn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó tún lọ tọrọ físà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n tún kọ̀. Ó ní òun ò bẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹni tó bá fẹ́ rí òun, ọkọ̀ Lálúpọn ń bẹ.

Lóòótọ́, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òyìnbó obìnrin kan àti ọkùnrin ará Íńdíà kan sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì wa, eruku bò wọ́n dé orúnkún, wọ́n ń béèrè Ògúnbọ̀dé. Àwọn tó wà ní gáréèjì mú wọn wá sí iléèwé. Fẹ̀yìntọlá wà lójú pátákó, ó ń fi ẹfun fa ìlà. Mo yọjú, mo ní àwọn àlejò láti òkè òkun ti dé.

Kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní kí n fún wọn lága lábẹ́ igi máńgòrò, kí n bu omi fún wọn, kí wọ́n sì dúró. Kíláàsì òun kò tíì parí.